Kí ọ̀bẹ tó kan oríkèé àgbọ̀n, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ kókó náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí, ọmọ ọdún 46, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Ó lé ní ọdún 3 tí iwájú etí mi ọ̀tún ti ń ro mí, tó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí mo bá ń jẹun. Wọ́n ti tọ́jú etí, wọ́n ti yọ eyín kan, kò lọ. Lọ́dún yìí ni ibẹ̀ wú, ẹnu mi kò sì là tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ya àwòrán CT, wọ́n ní oríkèé àgbọ̀n mi kún fún hóró wẹẹrẹ. Synovial chondromatosis ni wọ́n kọ sínú ìwé, wọ́n sì ní iṣẹ́ abẹ ló kàn. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé ojú mi ò ní wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má gbà, pé àdúrà ni kí n gbé e lọ fún.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Tíṣà. Ọdún 3 ti pọ̀ jù fún ìrora ẹnu, torí kò sọ́jọ́ tí a kì í jẹun, ẹnu sì ni olùkọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe kó máa gba oorun lójú yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yín kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í rìn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í lọ sínú ẹ̀dọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an kó tó yí padà di jẹjẹrẹ. Àmọ́ mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ fi í sílẹ̀ o. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè jẹ egungun tó wà láàárín oríkèé yẹn àti ọpọlọ.

Ẹ fi ìka sí iwájú ihò etí yín, kí ẹ wá la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Nǹkan líle tó ń sún síwájú lábẹ́ ìka yẹn ni orí egungun àgbọ̀n. Inú ihò kékeré kan nísàlẹ̀ agbárí ló jókòó sí. Bí ẹnu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ojú kan náà ni orí egungun yìí ti máa ń yí, bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lára ògiri; bí ẹnu bá wá là gbàgà, á yọ̀ síwájú kúrò nínú ihò rẹ̀. Àwo rírọ̀ kan wà láàárín egungun méjèèjì, òun ló pín oríkèé náà sí yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀. Yàrá òkè la ti máa ń bá hóró irú tiyín yìí jù. Òrùlé yàrá yẹn kò nípọn rárá: níbi tó fẹ́lẹ́ jù, nǹkan bíi mílímítà 1 péré ni lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ọpọlọ ló sì wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè ní kí ẹ máa fi ìpara pa á títí ọdún mìíràn á fi dé.

Awọ fẹ́lẹ́ kan bo inú oríkèé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pèsè omi tó ń yọ̀, tí egungun fi ń rìn lórí egungun láìha ara wọn. Nínú àìsàn yìí, awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hu egungun rírọ̀, irú èyí tó wà nínú etí àti imú wa. Á kọ́kọ́ so mọ́ ara awọ bíi kókó kéékèèké, lẹ́yìn náà á já bọ́ sínú omi oríkèé. Èyí tó máa ń ya àwọn aláìsàn mi lẹ́nu ni pé hóró tó já bọ́ yìí kì í kú. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, ó sì lè máa tóbi sí i níbi tó ti ń léfòó. Wọ́n lè jẹ́ ẹyọ mélòó kan, wọ́n sì lè lé ní 100, òmíràn bíi hóró ìrẹsì, òmíràn tó ẹ̀wà. Àwọn ló ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tí ẹ bá ń jẹun, àwọn náà ni kò jẹ́ kí orí egungun ráyè yọ̀ síwájú kí ẹnu lè là.

Orúnkún ni àìsàn yìí ti wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń wà ní ìgbáròkó àti ìgúnpá. Ti àgbọ̀n ṣọ̀wọ́n. Ọdún 1933 ni Dókítà Axhausen ní Jámánì kọ ti àgbọ̀n sílẹ̀. Obìnrin ló ń mú ju ọkùnrin lọ, ọjọ́ orí yín yìí sì wà lára èyí tó máa ń mú jù. Tẹ́lẹ̀, àwọn kan rò pé oríkèé tó farapa ló ń hu ìwà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ irú kókó yìí, àbùdá (gene) méjì inú sẹ́ẹ̀lì tí kò yẹ kí wọ́n pàdé, FN1 àti ACVR2A, ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Torí náà, kókó gidi là ń kà á sí báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rìn jìnnà.

Ní 1977, dókítà kan tó ń jẹ́ Milgram pín ìrìn àìsàn yìí sí ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, awọ nìkan ló ń ṣàìsàn, hóró kankan kò tíì já. Ní ìkejì, awọ ń ṣàìsàn, hóró sì ń já bọ́. Ní ìkẹta, awọ ti dákẹ́, hóró ló kù. Ó kan yín, torí hóró tí kálísíọ̀mù kò tíì wọ̀ kì í hàn lórí X-ray. Ẹnìkan lè ní oríkèé tó kún dẹ́nu, kí X-ray rẹ̀ sì mọ́ kedere. Bí ẹ bá ti ya X-ray kan rí tí wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwòrán náà má purọ́, kó kàn jẹ́ pé kì í ṣe irú àwòrán tó yẹ nìyẹn.

Ẹ sọ pé wọ́n tọ́jú etí, wọ́n sì yọ eyín. Mi ò lè dá àwọn tó kọ́kọ́ rí yín lẹ́bi tán. Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa pé àgbọ̀n ń ro àwọn, tó ń dún, tí kò là dáadáa, àwọn tó ní kókó kò pọ̀ rárá. Èyí tó pọ̀ jù ni ẹni tí àwo inú oríkèé rẹ̀ yẹ̀, ẹni tó ń fi eyín gé eyín lóru, tàbí ẹni tí eyín ọgbọ́n ń dà láàmú. Ẹni tó bá rí ẹgbẹ̀rún àgbọ̀n á máa rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ibẹ̀ gan-an ni kókó sì máa ń fara pamọ́ sí. Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kó mú kí dókítà dúró kó tún un rò. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni, látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni wíwú iwájú etí tí kì í lọ bí ìrora bá tilẹ̀ lọ. Ìkẹta ni mo kà sí jù, òun náà la kì í sábà béèrè: ṣé eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣì ń pàdé bí wọ́n ṣe ń pàdé tẹ́lẹ̀?

Oríkèé tó kún máa ń ti àgbọ̀n sísàlẹ̀. Eyín ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, gongo àgbọ̀n á sì máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ gé bébà fẹ́lẹ́ kan, ẹ fi sáàárín eyín ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ẹ pa ẹnu dé bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ẹ wá fà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lósì. Bí bébà bá yọ̀ jáde lọ́tùn-ún tó sì há lósì, ẹ sọ fún dókítà yín. Ẹ tún wo dígí kí ẹ la ẹnu: ẹ̀gbẹ́ tí kò lè yọ̀ ni àgbọ̀n máa ń wọ́ lọ. Bí ìka mẹ́ta tí ẹ tò léra kò bá gba àárín eyín iwájú mọ́, ẹnu ti kéré. Àgbàlagbà tí kò ní nǹkan kan máa ń la ẹnu tó mílímítà 40 sí 50.

Mo máa ń ní kí aláìsàn mú fọ́tò àtijọ́ wá. Ọkùnrin kan wá rí mi nígbà kan tí àgbọ̀n rẹ̀ ti lọ sósì pátápátá. Àwọn ará ilé ní rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ mú un, àwọn mìíràn ní wọ́n ta nǹkan lù ú ni. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn sílẹ̀, tí a tún wo ti ìkómọ àkọ́bí, tí a wo ti ìsìnkú bàbá rẹ̀, a rí i pé ọdún dé ọdún ni àgbọ̀n náà fi ń rìn. Rọpárọsẹ̀ kì í fi ọdún mẹ́wàá mú èèyàn. Egungun ló hù lórí egungun àgbọ̀n rẹ̀, tí egungun rírọ̀ sì dé e bíi fìlà. Osteochondroma ni orúkọ ìyẹn, kì í ṣe jẹjẹrẹ bákan náà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí tiyín.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí, Tíṣà, torí orúkọ kókó ló ń sọ bí ọ̀bẹ ṣe máa rìn. Nínú oríkèé kan náà yìí, kókó mẹ́rin márùn-ún lè wà tí gbogbo wọn á wú níwájú etí, tí wọ́n á jọ ara wọn lójú. Bí tiyín bá jẹ́ hóró inú awọ, hóró àti awọ la máa kó, egungun àgbọ̀n kì í sábà kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ osteochondroma, a máa gé orí egungun náà tòun ti kókó, lẹ́yìn náà a máa tún un ṣe: nígbà mìíràn a lè gbẹ́ orí tuntun látara èyí tó kù, a lè gbé egungun ìhà tí egungun rírọ̀ wà lórí rẹ̀ síbẹ̀, a sì lè fi oríkèé onírin tí wọ́n fi àwòrán CT aláìsàn wọ̀n rọ́pò rẹ̀. Oríkèé onírin yẹn wọ́n gan-an, kò sì sí nílé ìwòsàn gbogbo.

Òmíràn wà tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1941, pigmented villonodular synovitis, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tenosynovial giant cell tumor báyìí. Awọ oríkèé kan náà ló ń mú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dà sínú rẹ̀ léraléra, irin inú ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa jókòó síbẹ̀ títí awọ á fi dúdú bí ìpẹtà. Irin yẹn ló máa ń tú u fó lórí MRI, ìyẹn àwòrán tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà, torí dúdú ló máa ń hàn ní gbogbo irú àwòrán tí wọ́n bá yà. Ó máa ń padà wá ju tiyín lọ. Fún àwọn tí ọ̀bẹ kò lè ràn lọ́wọ́, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, pexidartinib, ní 2019, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, a kì í fi í tọ́jú ohun tí ọ̀bẹ lè mú jáde láìséwu.

Lẹ́yìn náà ni àwọn burúkú. Jẹjẹrẹ egungun rírọ̀, chondrosarcoma, lè fi hóró kálísíọ̀mù hàn lórí CT bíi tiyín. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti kíndìnrín àti ti ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin (prostate) lè rìn wá jókòó sórí egungun àgbọ̀n. Bí ètè ìsàlẹ̀ bá ń kú, bí ojú bá ń wọ́ kí a tó gbé ọ̀bẹ rárá, bí kókó bá ń tóbi láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ kò sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ọdún 3 tó fi rọra ń bọ̀ sì bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yín mu. Síbẹ̀, ẹ rí i dájú pé wọ́n ṣe MRI kún CT yẹn. CT ló mọ egungun jù, òun ló máa sọ bí òrùlé ṣe rí. MRI ló máa fi awọ tó wú hàn, àti omi, àti hóró tí kálísíọ̀mù kò tíì wọ̀, òun náà ló sì máa sọ bóyá nǹkan ti yọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ.

Mo tẹnu mọ́ àwòrán tó bẹ́ẹ̀ nítorí obìnrin kan tó wá rí wa lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n rò pé àpò itọ́ iwájú etí ló wú, wọn kò ya àwòrán oríkèé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, hóró funfun ló ń tú jáde, wọ́n kó èyí tí wọ́n rí, wọ́n sì rán an padà. Awọ tó ń hu hóró ṣì wà nínú oríkèé. Nígbà tí a máa tún un ṣe, ojú àpá ló bo ibi tí iṣan ojú ń gbà, iṣẹ́ tí ì bá gba wákàtí díẹ̀ sì di iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kó má baà já yín láyà lọ́jọ́ iwájú. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì inú hóró yìí máa ń rí rúdurùdu, débi pé dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò láìrí àwòrán CT lè kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ni. Èsì máíkírósíkóòpù àti àwòrán gbọ́dọ̀ jókòó sórí tábìlì kan náà. Bí wọ́n bá kọ jẹjẹrẹ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ tó sunkún, ẹ béèrè bóyá ẹni tó kọ ọ́ rí CT yín.

Ó kan iṣẹ́ abẹ. Bí gbogbo hóró bá kéré, tí kò ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ, a lè ti kámẹ́rà tín-ín-rín kan wọ inú oríkèé, ká fi omi ṣàn wọ́n jáde gba inú ọ̀pá. Ṣùgbọ́n oríkèé tiyín ti wú síta, ẹnu yín sì ti kéré, nítorí náà kò ní yà mí lẹ́nu bí wọ́n bá ní àwọn máa ṣí i. Iwájú etí ni wọ́n máa ń gé sí, nínú ìlà tí Ọlọ́run ti fà síbẹ̀, bó bá sì jiná tán, ẹni tó mọ̀ nìkan ló máa rí àpá. Wọ́n á la àpò oríkèé, wọ́n á kó hóró, wọ́n á fi omi fọ ibẹ̀ léraléra, wọ́n á bó awọ tó ń ṣàìsàn kúrò, wọ́n á wo àwo àárín bóyá ó ṣì dára, wọ́n á sì yẹ òrùlé wò. Àwọn kan ní bí ó bá ti wà ní ìpele kẹta ti Milgram, kí a kó hóró nìkan. Èmi kì í fi awọ sílẹ̀, torí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ojú lásán kò lè mọ awọ tó ti dákẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ṣì ń hù. Bí awọ bá kúrò dáadáa, ó ṣọ̀wọ́n kó tó padà wá. Bí CT bá fi hàn pé òrùlé ti lu, kí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí sọ fún dókítà akunnilóorun pé ẹnu yín kò là. Oorun àsùnwọra ni iṣẹ́ yìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá mímí sínú ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tí ẹnu kò bá là, imú ni wọ́n máa ń gbà pẹ̀lú kámẹ́rà, nígbà mìíràn kí ẹ tó sùn lọ pátápátá. Kì í dùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́, ó sì sàn ju kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn tí oorun ti gbé yín.

Ẹ béèrè nípa ojú yín, mo sì mọ̀ pé òun ni ẹ̀gbọ́n yín náà ń bẹ̀rù. Iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sí ojú jáde nítòsí ìsàlẹ̀ etí, ó sì ya bí ẹ̀ka igi. Ẹ̀ka tó ń gbé irun òkè ojú àti iwájú orí sókè ló sún mọ́ iṣẹ́ wa jù. Ní 1979, àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì, Al-Kayat àti Bramley, wọn ibi tó ti ń kọjá lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́: láti mílímítà 8 sí 35 níwájú ihò etí. Ẹ rí i pé ó lè sún mọ́ etí gan-an lára ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í gba orí iṣan náà kọjá. Ìsàlẹ̀ awọ líle tó bo egungun ló máa ń gbà, tí iṣan á wà nínú ohun tó gbé sókè, tí kò ní fojú kan ọ̀bẹ. Pẹ̀lú ìyẹn náà, fífà tí wọ́n fà á lè mú kí ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn má lè ṣe bẹ́ẹ̀ gbéra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan. Ó máa ń padà bọ̀ sípò lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí ó wà bẹ́ẹ̀ títí ayé lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní tàn yín, àmọ́ kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é déédéé. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín lójúkojú pé oríkèé àgbọ̀n mélòó ló ti ṣí rí. Kì í ṣe àfojúdi. Èmi náà máa ń fẹ́ kí wọ́n bi mí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ tiyín ló kù. Bí ẹ bá pa ẹnu dé torí pé ó ń ro yín, ojú àpá á dì í, ẹ ó sì pàdánù ohun tí ọ̀bẹ fún yín. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu, lẹ́ẹ̀marùn-ún mẹ́fà lójúmọ́. Mo máa ń fún àwọn aláìsàn mi ní igi pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n, kí wọ́n máa tò ó léra láàárín eyín, kí wọ́n sì fi ẹyọ kan kún un bó bá ti rọrùn, títí ìka mẹ́ta á fi wọlé. Ògì, mọ́ínmọ́ín, àmàlà tó rọ̀ pẹ̀lú ewédú, gbogbo ìyẹn dára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí pọ̀nmọ́, àgbàdo sísun àti ẹ̀pà sinmi fún oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé iwájú etí ń làágùn bí ẹ bá ń jẹun, ẹ má fòyà, iṣan itọ́ ló ṣìnà lọ sọ́dọ̀ ibi tí òógùn ti ń jáde. Ìtọ́jú wà fún un. Eyín ẹ̀yìn tó ti jìnnà síra máa ń padà wá pàdé fúnra wọn nígbà mìíràn tí oríkèé bá ti ṣófo. Kí ẹnikẹ́ni má lọ rẹ́ eyín yín tàbí fi wáyà fà á kí oṣù mélòó kan tó kọjá.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má bá wọn jà. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ mú wọn dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n fi ojú ara wọn wo àwòrán náà, kí wọ́n sì béèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn aláìsàn mi tó gbàdúrà pọ̀, àwọn tó gbàdúrà tí wọ́n sì wá ní àsìkò ni mo rí tí nǹkan rọrùn fún.

Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ẹnu àti egungun ojú wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Ilé-Ifẹ̀, ó sì wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ló sún mọ́ yín jù. Bí ẹ bá ń lọ, ìwé èsì nìkan kò tó. Ẹ gba CD tí àwòrán CT náà wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó yà á, torí ẹni tó máa ṣí oríkèé yín gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí òrùlé yẹn kí ó tó dá ọjọ́. Ẹ sì fi fọ́tò kan tí ẹ yà ní nǹkan bí ọdún 5 sẹ́yìn sínú báàgì, èyí tí ẹ ti kọjú sí kámẹ́rà tààrà.